Ilé Ìwòsàn Inú Àwòrán

Ní Mólútẹ̀hìn, níbi tí èéfín ẹja yíyan àti òórùn epo rọ̀bì ti máa ń du imú ẹni láti òwúrọ̀, ni mo ti mọ ọba gbogbo ìwà ọ̀mọ̀wé: orí mímì. Ẹ bá mi kókìkí rẹ̀. Kò bèèrè ìwé, kò bèèrè òógùn. Kí ọ̀rọ̀ má tilẹ̀ yé ènìyàn rárá, kó ṣáà rọra tẹ àgbọ̀n sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ìpàdé yóò gbà pé ọgbọ́n ti wọlé jókòó.

Ọdún tí mo jáde yunifásítì ni ilé-iṣẹ́ epo kan rán òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá bá wa. Ibi tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní ìyá, ti ń yan ẹja ni wọ́n fẹ́. Wọ́n ní ilé ìwòsàn ni àwọn yóò kọ́ síbẹ̀, kí ìyá ṣáà tẹ̀ka síwèé. Níbi ìpàdé, òṣìṣẹ́ náà gbé àwòrán ńlá kan kọ́ sára ògiri pákó tó kọjú sí omi: ilé funfun, nọ́ọ̀sì lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní àwọn ti kọ́ irú rẹ̀ sí ìlú mìíràn, fọ́tò rẹ̀ gan-an nìyẹn. Àwọn tó jókòó síwájú ń mi orí.

Ìyá kò jókòó. Ojú omi ló ti kọ́kọ́ rí àwòrán náà bó ṣe ń tukọ̀ bọ̀, ó sì ní bí ọkọ̀ òun ti ń kọjá ni ilé náà ń pòórá, tí àdìrò ẹja òun ń yọ níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní oòrùn ló pa ìyá lójú. Apẹja kan ní kí ìyá jókòó, pé àga kì í gé ènìyàn jẹ. Ìyá sún mọ́ ògiri, ó fi èékánná họ ojú àwòrán náà, ó ń dún gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀.

“Kí ló dé tí fọ́tò yín fi ní egungun bí ẹja?”

Èmi mọ̀ ọ́n, wọ́n ti kọ́ wa. Awò tín-tìn-tín, irú èyí tó wà nínú awò ojú, ni àwọn ìlà yẹn, wọ́n tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sójú ike. Wọ́n gé àwòrán méjì wẹ́wẹ́, wọ́n to ìlà ọ̀kan tẹ̀ lé ìlà èkejì sábẹ́ awò. Ẹni tó dúró lápá ọ̀tún, àwòrán kan ni awò á fi hàn án. Ẹni apá òsì á rí èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe káàdì tí ọmọbìnrin inú rẹ̀ ń ṣẹ́jú síni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń fi àmì tó ń paradà sára ìwé ìdánimọ̀ kó má baà rọrùn fún oníjìbìtì láti ṣe ayédèrú rẹ̀. Ojú eṣinṣin pàápàá, ojú wẹ́wẹ́ tó tò jọ ni. N kò fura sí awò. Àga ni mo fura sí: gbogbo rẹ̀ pátá ni wọ́n tò sápá ọ̀tún, níbi tí ilé funfun nìkan ti ń hàn. Bí àdìrò ìyá bá sì wà nínú àwòrán náà, a jẹ́ pé orí ẹrẹ̀ tiwa ni wọ́n ya ilé funfun yẹn lé. Kò sí ní ìlú kankan.

Ìyá yíjú sí mi. “Ọmọ mi, ìwọ lo kàwé. Ṣé ilé yìí wà níbì kan?”

Òṣìṣẹ́ náà ń wò mí. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà ló ti sọ fún mi pé iṣẹ́ wà fún ọmọ ìlú tó bá lóye.

Ìyá tẹ̀ka. Wáyà ni wọ́n fi yí ilẹ̀ náà ká, ilé ìwòsàn kò dé, ìyá sì kó àdìrò rẹ̀ lọ sí Màhíntẹ̀dó, níbi tó ti ń bá ẹni ẹlẹ́ni du àyè. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fáyé pé àwòrán ló tan ìyá jẹ. Irọ́ ni. Ìyá kò gba àwòrán yẹn gbọ́ rí. Èmi ni ìyá gbà gbọ́, nítorí nígbà tó bi mí, mo mi orí.