Olè Tó Ń Kọrin

Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ oníke kan ní Oregun, ọkùnrin ará Sípéènì kan wá bá wa to ẹ̀rọ tuntun. Lọ́jọ́ kan ó fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì. Obìnrin ìlú wọn kan ló ń kọrin nínú rẹ̀. Ó ní láti kékeré lobìnrin náà ti ń kọ orin ìbílẹ̀ wọn, pé bàbá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, pé síbẹ̀ obìnrin náà di òṣèré sinimá. Ìgbà tó dàgbà ló padà sí orin tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

A gbọ́ ọ ní yàrá wa l'Ágége. Orin ń lọ jẹ́jẹ́, àfi bí àwọn èèyàn inú kásẹ́ẹ̀tì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, “Olè! Olè!”

Ìyàwó mi dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

“Bàbá ọmọ mi, kí lobìnrin yìí jí?”

“Mi ò mọ̀.”

“Ẹ̀yin náà lẹ gba ẹrù olè wálé.”

Lọ́jọ́ kejì, ará Sípéènì náà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní bí wọ́n ṣe ń yin akọrin nílùú àwọn nìyẹn.

Láti ìgbà náà, bí ọbẹ̀ bá dùn, olè ni mo ń pe ìyàwó mi. Nígbà tí mo yege nílé-ìwé àgbà, ó ní olè lèmi náà. Àwọn aládùúgbò wò wá títí.

Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí ìyàwó mi kú. Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè mọ́.

Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin wa ní òun fẹ́ fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀, kí òun máa kọrin, kí òun máa ṣe tíátà. Mo ní rárá. Mo fẹ́ kí oúnjẹ rẹ̀ dájú.

“Dádì, ẹ wá wò mí lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ṣì ní rárá, mo gbà.”

Ọ̀sán Sátidé ni, ní gbọ̀ngàn kan n'Íkẹjà. Ó ṣe ìyá arúgbó nínú eré náà. Ó tẹ̀ kọ̀ǹgọ̀, ó fara ti ọ̀pá, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin Ìjẹ̀bú tí ìyá rẹ̀ fi ń wẹ̀ ẹ́ ní kékeré. Mi ò tíì gbọ́ orin yẹn láti ọjọ́ tá a ti sin ín.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde, tí mo kígbe. “Olè!”

Àwọn tó wà níwájú mi di báàgì wọn mú. Lórí ìtàgé, ìyá arúgbó ti nàró, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti gbọ́ èsì mi.

Ẹni tó ń ṣọ́nà sáré tọ̀ mí wá. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta lolè náà?”

“Ọmọ mi ni,” ni mo wí, mo sì jókòó.