Èyí Tó Ní Bọ́tìnnì

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ dífídì bàbá mi kú ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ti pẹ́ nílé. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ti ń fi í gbọ́ orin ìjọ àti ìwàásù, tí wọ́n sì ń fi í wo fídíò àwọn ẹranko inú igbó. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn àti màmá mi tó padà sí ilé tí wọ́n kọ́ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde, Odogbolu ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin, tó jẹ́ pé àwa méjì péré ni wọ́n bí, wà ní Ìbàdàn.

Òun ni mo kọ́kọ́ pè.

“Ẹ má tún ra dífídì fún wọn o, ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí. “Ta ló ṣì ń lò ó? Ẹ ra àpótí kékeré tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣàn, èyí tó ń fi dátà ṣiṣẹ́. Kò sí ohun tí Bàbá fẹ́ wò tí kò sí lórí ẹ̀.”

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ gbé nǹkan méjì ka iwájú mi. Èkíní jẹ́ ẹ̀rọ kékeré kan tí kò tóbi ju ìwé orin lọ. Wọ́n ń ki fúláàṣì bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, bọ́tìnnì márùn-ún tó nípọn sì tò sórí rẹ̀ bí eyín. Èkejì jẹ́ àpótí dúdú tó ń dán bí ọṣẹ, tí kò ní bọ́tìnnì kankan lára. Rìmóòtù ni wọ́n fi ń darí rẹ̀, èèyàn á sì máa ka ohun tó bá kọ sójú tẹlifíṣàn kó tó mọ ibi tó fẹ́ lọ.

“Àǹtí,” ọlọ́jà ní, “èyí kékeré yìí, ohun tí ẹ bá kó sínú fúláàṣì nìkan ló mọ̀. Èyí dúdú yìí, kò sí ohun tí kò mọ̀.”

Mo pe bàbá mi láti ibẹ̀, mo ṣàlàyé méjèèjì fún wọn.

“Èwo ló ní bọ́tìnnì lára?” ni ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí.

“Èyí kékeré ni, Bàbá.”

“Òun ni kí o rà.”

“Ṣùgbọ́n èkejì ló dára jù. Ẹ ò ní máa wá fúláàṣì kiri…”

“Mo ní èyí tó ní bọ́tìnnì.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo pa fóònù. Mo sọ fún ọlọ́jà pé àgbàlagbà ni wọ́n, wọn kì í tètè fẹ́ nǹkan tuntun. Mo ra àpótí dúdú.

Ní Sátidé, mo gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo so ó mọ́ tẹlifíṣàn, mo jókòó ti bàbá mi, mo sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn wọ́n: ibi tí wọ́n á tẹ̀, ibi tí orin wà, ibi tí ìwàásù wà. Wọ́n gbé rìmóòtù lé orúnkún, wọ́n ń mi orí. Mo ní kí wọ́n ṣe é kí n rí i.

“Tíṣà ni mí,” ni wọ́n wí. “Wọn kì í kọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. O ṣé, ọmọ mi.”

Màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ń wò mí. Wọ́n la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n sì yí padà wọlé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni.

Gbogbo ìgbà tí mo bá pè lẹ́yìn ìgbà náà, ìdáhùn kan náà ni. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí ni wọ́n wò? Oríṣiríṣi. Inú mi dùn. Mo tún sọ ọ́ ní ọ́fíìsì pé bàbá mi, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, ti ń lo ohun tí àwọn ọmọdé ń lò, àti pé wọ́n ṣì ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì láìlo awò ojú. Mo sọ ọ́ tìgbéraga-tìgbéraga.

Ní Ọjọ́rú kan, wọ́n ń kun ọ́fíìsì wa lọ́dà, wọ́n sì ní ká máa lọ sílé lọ́sàn-án. Mo ra búrẹ́dì, mo wọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ láìpè wọ́n tẹ́lẹ̀. Òjò ti rọ̀, ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi, nítorí náà mo bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo sì rọra wọlé.

Bàbá mi jókòó níwájú tẹlifíṣàn. Ojú tẹlifíṣàn dúdú bí aró, ọ̀rọ̀ funfun gàgàrà ló wà lórí rẹ̀ pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí wọ́n yan ọ̀kan nínú ohun méjì. Kò sí ohùn kankan. Bàbá mi ń tẹ rìmóòtù, wọ́n tún ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì dẹtí sí i. Ẹ̀rín ti fẹ́ pa mí. Mo fẹ́ sọ pé dátà ló tán, nígbà tí wọ́n gbé orí sókè, tí wọ́n kọjú sí mi gan-an.

“Ìyá wọn, ṣé o ti dé? Jọ̀ọ́, wá bá mi kà á. Kí ni nǹkan yìí kọ sójú? Láti àárọ̀ ni kò ti sọ̀rọ̀.”

Mo dúró gbagidi. Ibi tí mo wà sí wọn kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wà lójú mi kedere.

“Bí ọmọ yẹn bá pè,” wọ́n tún wí, “sọ fún un pé ó ń ṣiṣẹ́. Kò gbọdọ̀ mọ̀ o. Bó bá fi lè mọ̀ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á wá kó wa kúrò nílé yìí.”

N kò mọ ìgbà tí búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ mi.

“Bàbá, èmi ni.”

Rìmóòtù já sílẹ̀. Ojú wọn kò kúrò lára mi, ṣùgbọ́n mo wá rí i, bí ẹni tí a ṣí aṣọ kúrò lójú rẹ̀, pé kì í ṣe èmi ni ojú náà ń wò. Etí mi ọ̀tún ló ń wò.

“Ìwọ ni,” ni wọ́n wí, jẹ́jẹ́.

“Bàbá, ṣé ẹ ò rí mi?”

“Mo rí ẹ.”

“Aṣọ wo ni mo wọ̀?”

Títí di òní mo ń kábàámọ̀ ìbéèrè yẹn. Bàbá mi tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí adìyẹ tó ń wo àwòdì, wọ́n wò mí títí. “Funfun,” ni wọ́n wí. Aṣọ pupa ló wà lọ́rùn mi. Wọ́n mọ̀ láti inú ìdákẹ́jẹ́ mi pé àwọn ti ṣì í, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. N kò rí i rí láyé mi kí bàbá mi fi ọwọ́ bojú.

Ibẹ̀ ni màmá mi bá wa nígbà tí wọ́n ti ìpàdé àdúrà àwọn obìnrin dé. Wọ́n wo èmi, wọ́n wo búrẹ́dì nílẹ̀, wọ́n sì rọra jókòó sórí àpótí ìjókòó tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Mo ti sọ fún wọn,” ni wọ́n ń wí. “Mo sọ ọ́ títí ó fi sú mi.”

“Màmá, ẹ mọ̀?”

“Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin.”

Ọ̀rọ̀ náà gbá mi létí. Ọdún mẹ́rin! Mo ti jókòó jẹun pẹ̀lú wọn ní Kérésìmesì àti Àjíǹde ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Mo ti fi fọ́tò hàn wọ́n, wọ́n sì ti sọ pé ó dára.

“Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ńkọ́?” mo pariwo. “Bàbá ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì! Mo wà níbẹ̀! Wọ́n ṣí Bíbélì!”

“Èmi ni mo ń kà á fún wọn láti Ọjọ́ Ajé,” màmá mi dáhùn. “Bó bá fi máa di Sátidé, wọ́n á ti mọ̀ ọ́n sórí. Mo máa ń fi bébà sí ibi tí wọ́n á ṣí.”

Ìwé ìròyìn tó máa ń wà lọ́wọ́ wọn láràárọ̀ ńkọ́? Rédíò ni wọ́n fi ń gbọ́ ìròyìn. Mo mú èyí tó wà lórí tábìlì. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Ìjẹ̀bú-Òde. Obìnrin ni dókítà náà, kò tíì dàgbà púpọ̀. Ó yẹ̀ wọ́n wò pẹ́, ó wá sọ fún wa pé gílókómà ni: omi inú ẹyinjú kò rí ọ̀nà jáde dáadáa, ó wá ń tẹ iṣan tí a fi ń ríran, ó sì ń pa á díẹ̀díẹ̀, láìro èèyàn rárá. Ojú ọ̀tún ti lọ. Ojú òsì, ìwọ̀nba àárín rẹ̀ ló kù, ìyẹn náà sì ti ń ṣú, bí ẹni tó ń yọjú láti inú ìwé tí a ká róbótó.

“Èyí tó ti lọ kò lè padà,” ló wí. “Oògùn á dáàbò bo ìyókù. Bí ẹ bá ti gbé wọn wá nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni…” Ó rí ojú mi, kò parí rẹ̀.

Bàbá mi kò bi í ní ìbéèrè nípa oògùn. Wọ́n ní, “Dókítà, ṣé màá ṣì lè dá rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì?”

Nínú ọkọ̀, nígbà tí a ń padà, wọ́n fúnra wọn sọ̀rọ̀. “Ọmọ ọlọ́mọ tí mo kọ́ ní ìwé kà kò lóǹkà. Kí wọ́n wá máa ka ìwé fún mi bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi? Mo rò pé màá ti kú kí ó tó hàn.” Mo kàn di ọwọ́ wọn mú.

Mo gbé àpótí dúdú padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọlọ́jà kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ro ẹjọ́ mi fún un, ó fi èyí tó ní bọ́tìnnì pààrọ̀ rẹ̀ fún mi. Bàbá mi fi àtàǹpàkò wá bọ́tìnnì márààrún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì tún sí ẹni tó kọ́ wọn mọ́. Àbúrò mi ti Ìbàdàn wá, ó kó orin, ìwàásù àti Bíbélì tí wọ́n ń kà sókè sínú fúláàṣì. Ó sunkún nínú yàrá kí ó tó lọ.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni ti ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi fẹsẹ̀ ara wọn lọ bá àlùfáà ìjọ, wọ́n sì jẹ́wọ́. Àlùfáà ní kí wọ́n máa bá a lọ, pé ẹni tó bá ti mọ ẹ̀kọ́ sórí kò nílò ìwé mọ́. Bàbá mi kọ̀ jálẹ̀. “Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń ṣí ìwé tí n kò rí,” ni wọ́n wí. “Ó tó.” Ìjókòó ìlà kejì ni wọ́n ń jókòó báyìí, màmá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Kí a tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ yẹn, ó ti kìlọ̀ pé àrùn náà máa ń rìn nínú ẹbí, pé kí gbogbo ọmọ wá yẹ ojú wò. Mo fi í falẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo wá lọ. Mo gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò, atẹ́gùn kékeré fẹ́ lu ojú mi. Dókítà wo ìwé èsì, ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

“Agbára tí omi fi ń tẹ ojú òsì yín ga ju bó ṣe yẹ lọ,” ló wí. “Ẹ̀yin gan-an ti tètè dé.”

Èmi tí n kò mọ̀ rárá pé ohunkóhun ń ṣe mí! Láti ọjọ́ náà, lálaalẹ́ ni mo ń kán oògùn sójú.

Mo pe àbúrò mi lọ́jọ́ náà, mo sọ èsì fún un, mo ní kí ó lọ ṣe tirẹ̀ ní Ìbàdàn.

“Èmi kẹ̀?” ló wí. “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń ríran dáadáa.”

Mo pariwo mọ́ ọn débi pé ọkọ mi sáré jáde láti yàrá. Àbúrò mi bẹ̀ mí, ó ní òun á lọ ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé mẹ́ta ti kọjá. Kò tíì lọ.