Lẹ́ẹ̀dì Tí Mo Fi Eyín Dì Mú

Òórùn kan wà tí mi ò lè fara dà mọ́ láyé mi: èéfín lẹ́ẹ̀dì tó ń yọ́, tó bá dà pọ̀ mọ́ èéfín ọkọ̀ àwọn onítírélà. Bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wa ní Ore ṣe máa ń rùn, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Bìní ti ń sinmi. Ibẹ̀ la ti ń to kọntiróọ̀là, àpótí kékeré tó ń darí iná láti ara sólà lọ sínú bátìrì. Èmi ni mo ń fi lẹ́ẹ̀dì, wáyà rírọ̀ tí iná ń yọ́, jó àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi nígbà yẹn, ọ̀rẹ́ mi, kí n má purọ́ fún ọ.

Nígbà tí mo bímọ, mo máa ń gbé e wá síbi iṣẹ́, inú apẹ̀rẹ̀ ló ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ìgbà yẹn ni mo sọ fún ọ̀gá wa pé mi ò fọwọ́ kan lẹ́ẹ̀dì àtijọ́ mọ́. Òjé pọ̀ nínú rẹ̀, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ọ̀gá ò bá mi jà. A jọ jókòó, a yẹ àwọn tí kò ní òjé wò. Èyí tó ní fàdákà ló dára jù, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná gan-an, áyọ́ọ̀nù tá a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì ò sì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó jẹ́ tánganran àti bàbà nìkan náà ò tètè yọ́. La bá mú èyí tí wọ́n po tánganran pọ̀ mọ́ irin kan tí wọ́n ń pè ní bísímọ́ọ̀tì, tó ń yọ́ wéré. Ẹni tó tà á fún wa kìlọ̀ pé òjé ò gbọdọ̀ kàn án rárá, torí bí méjèèjì bá pàdé, ojú ibi tá a jó á máa yọ́ nínú ooru tí kò tó nǹkan.

"Fọkàn balẹ̀, ìyá ìkókó," ọ̀gá ní. "Òjé ò ní wọ ṣọ́ọ̀bù yìí mọ́."

Mo gbà á gbọ́. O mọ bí àwa oníṣẹ́ yìí ṣe ń ṣe: ọwọ́ kan mú áyọ́ọ̀nù, ọwọ́ kejì mú bọ́ọ̀dù, eyín ló kù tí a ó fi di lẹ́ẹ̀dì mú. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù máa ń bà mí láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ní òjé ti kúrò níbẹ̀, mo ń fi eyín dì í mú láti òwúrọ̀ títí tí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí imú ọmọ mi bá wá dí, ẹnu yẹn náà ni mo fi ń fa ikun rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo rí i pé wọ́n ti yí iná áyọ́ọ̀nù mi sókè. Ọ̀gá ní iná ìjọba ló ń wálẹ̀, kí n máa lò ó bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀, nọ́ọ̀sì kan gun ọ̀kadà wá láti Ago Alaye. Ará Ọ̀yọ́ ni, ìjọba ló gbé e sí ilé ìwòsàn tó wà níbẹ̀. Ó gbé ọ̀kan nínú àpótí wa lọ́wọ́, ojú rẹ̀ le koko.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe èyí? Fíríìjì sólà tí mò ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ sí ti kú. Mo dá àwọn ìyá tó fẹsẹ̀ rìn wá látoko padà lónìí!"

Mo tú àpótí náà. Ẹ̀yà tó máa ń gbóná jù nínú rẹ̀ ti yọ̀ kúrò láyè rẹ̀, lẹ́ẹ̀dì tó dì í mú ti yọ́. Mo rántí ìkìlọ̀ ẹni tó ta lẹ́ẹ̀dì tuntun fún wa. Mo yí iná áyọ́ọ̀nù wálẹ̀ dé ibi tí lẹ́ẹ̀dì tuntun ti máa ń yọ́, mo fi kan èyí tó wà lára róòlù mi. Kò yọ́. Ti àtijọ́ ni! Tuntun ti tán, ọ̀gá wá wé àtijọ́ mọ́ róòlù tuntun, ó gbé e síwájú mi, ó sì yí iná áyọ́ọ̀nù mi sókè kó lè yọ́. Àwọn bọ́ọ̀dù tí mo fi tuntun bẹ̀rẹ̀, òjé ni mo fi parí wọn. Ṣé o rí ìwà ìkà? Ojoojúmọ́ ló ń wò mí tí mò ń gé e jẹ.

"Ọ̀gá, ẹnu mi lẹ fi òjé sí! Ẹnu tí mo fi ń fa imú ọmọ!" Títí dòní, ó ń dùn mí pé mo ṣì ń bọ̀wọ̀ fún un lọ́jọ́ yẹn.

"Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ dúró ni," ó ní, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Díẹ̀ náà ni."

Díẹ̀ kẹ̀! Nọ́ọ̀sì ló gbá ọwọ́ mi mú, torí áyọ́ọ̀nù gbígbóná ṣì wà lọ́wọ́ mi, Ọlọ́run ló sì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Mo gbé ọmọ mi, mi ò padà débẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì yẹn bá mi wá ibi tí wọ́n ti lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò títí. Ìgbà tá a fi rí ibì kan, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù, ẹ̀jẹ̀ ò lè sọ iye tó ti wọlé sí i lára mọ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi.

Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Ara rẹ̀ le, apanilẹ́rìn-ín ni, ó sì máa ń gbàgbé nǹkan. Bí ọmọ ẹlòmíràn bá gbàgbé bírò sílé, ìyá rẹ̀ á bú u, á sì tán síbẹ̀. Bí tèmi bá gbàgbé tiẹ̀, mi ò lè bú u. Màá kàn dúró máa wo orí rẹ̀, màá máa bi ara mi bóyá òjé ọ̀gá ló fà á, inú á sì máa bí mi.