Tùràrí Ìyá Àgbà Lọ́jọ́ Iná Ìgbẹ́

Láàárọ̀ yìí, mo gbóòórùn koríko tó ń jó. Wọ́n tún ti sun ìgbẹ́ lẹ́yìn Basin, àdúgbò tí mò ń gbé. Mo ti fèrèsé yàrá tí èmi nìkan ń sùn sí báyìí, mo sì jókòó. Ọkàn mi lọ sí agbo ilé wa ní àdúgbò Ṣàngó, nígbà tí igbó ṣì wà lẹ́yìnkùlé.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní kò lè mọ̀ ọ́n. Bí ọyẹ́ bá ti mú, àwọn ọdẹ a tiná bọ igbó nítorí òkété. Eérú dúdú a máa já bọ́ sórí aṣọ tí wọ́n sá, àwa ọmọdé a máa lé e kiri bí ẹni ń lé labalábá. Àlímọ̀, àbúrò mi, nìkan ni kì í bá wa sáré. Èéfín díẹ̀ báyìí, àyà rẹ̀ a há, èémí rẹ̀ a sì máa súfèé.

Lọ́dún kan, èéfín bo gbogbo àdúgbò. Ìyá àgbà tó tọ́ wa kó wa wọlé, ó ti fèrèsé, ó fi aṣọ tútù dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àfi pé kò fẹ́ kí yàrá òun máa rùn bí igbó jíjó. Ó da ẹyin iná sínú àwo, ó bu tùràrí lé e.

Ìyá Ìdòwú, ará Ọ̀mù-Àrán tí a jọ ń gbé, wọlé wá kí wa, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá àgbà, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ olè, ẹ tún wá tẹ́ ẹní fún àbúrò rẹ̀!"

"Ìwọ yìí náà! Tùràrí lèyí. Ta ló ń pè é ní èéfín?"

Àlímọ̀ di àyà mú. "Ìyá, ó ń ta sánsán. Mi ò kàn lè mí ni."

Ẹ̀rín tán. Ìyá àgbà fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àwo náà síta. Ó gbé Àlímọ̀ jókòó, ó fi ẹ̀yìn ọmọ náà ti àyà ara rẹ̀. "Má sọ̀rọ̀, ọkọ mi. Rọra mí." Kò sẹ́ni tó dáná lọ́jọ́ náà, ẹ̀kọ àná la jẹ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ yí padà, èémí ọmọ náà rọlẹ̀, ó ní ebi ń pa òun. "Àlùhámúdúlílàhì!" ni Ìyá àgbà pariwo.

Ilé ti gba gbogbo igbó yẹn. Àlímọ̀ ti di ìyá ọlọ́mọ. Oògùn tó ń fà sẹ́nu àti ìbòmú rẹ̀ kì í jìnnà sí i. Bí èéfín bá dé, àwọn ọmọ rẹ̀ a ti fèrèsé, wọn a pa sítóòfù, kí ó tó sọ̀rọ̀ rárá. Wọn kò bá Ìyá àgbà láyé. Ìwà rẹ̀ ni wọ́n ń hù.