Ìgbín Inú Táǹkì Ẹja Sàláúdéènì

Látìgbà tí ìjọba ti ti bọ́dà pa, mọ́tò Sàláúdéènì kò kúrò níwájú ilé ní Ìlarò mọ́. Ẹrù ló máa ń kó láti Kútọnù tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, bó bá ti kírun tán, á dìde lórí ẹní, á wọ́n oúnjẹ fún àwọn ẹja inú táǹkì gíláàsì tó wà ní pálọ̀. Ìrun márùn-ún, oúnjẹ márùn-ún. Inú rẹ̀ ò dùn sí i, kò sì bà jẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kàn ń rí nǹkan ṣe ni.

Àwọn ìgbín tín-ín-tìn-tín ń jẹ àjẹkù ẹja, wọ́n sì ń bí sí i títí wọ́n fi bo gíláàsì. Omi ń rùn. Ẹja kan kú.

Habeebah àbúrò rẹ̀ yọjú wò ó.

“Ẹ̀gbọ́n, ìgbín lẹ ń sìn. Ayálégbé lásán làwọn ẹja yìí.”

Habeebah sùn síbẹ̀. Ó ju ewé ẹ̀fọ́ bíbọ̀ sínú omi nírọ̀lẹ́ kí ìgbín lè kó jọ sí i. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìgbín ti ṣù bo ewé náà, Habeebah sì fà á jáde tìgbíntìgbín.

“Tẹ́ ẹ bá tún ń bọ́ wọn báyìí, ìgbín á tún kún, àwọn ẹja tó kù á sì kú. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ti tó.”

“Lẹ́yìn ìrun wo?”

“Àsùbáà. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, èmi kọ́ ni mo ti bọ́dà.”

Nígbà tí Sàláúdéènì kírun àílà tán, ó gbé agolo oúnjẹ, ó mì ín wò, ó sì gbé e padà. Àwọn ẹja rọ́ wá sídìí gíláàsì. Ó padà jókòó sórí ẹní, ó gbọ́wọ́ lé itan, ó ń dúró de alásàrí.