Ààwẹ̀ Tí N Kò Gbà Ní Ẹ̀pẹ́

Gbogbo ohun tí mo kọ síhìn-ín ló ṣẹlẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́. Irọ́ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo pa á, n ó sì fi í hàn yín nígbà tí a bá débẹ̀.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ń gbé pẹ̀lú wa ní Itamaga, ní Ìkòròdú, ṣùgbọ́n Ẹ̀jìnrìn létí ọ̀sà ni wọ́n bí wọn sí. Láti ìgbà tí ibà ti dá wọn dùbúlẹ̀ lóṣù tó kọjá, ṣíbí mẹ́ta péré ni wọ́n máa ń jẹ kí wọ́n tó ti àwo sẹ́yìn. Ọ̀bọ̀kún, ẹja ọ̀sà, ni wọ́n ń dárúkọ ṣáá. Wọ́n ní ẹja inú yìnyín tí à ń rà ní Itamaga kò yàtọ̀ sí páálí.

Bàbá mi kì í ráyè, Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Nígbà tí ilé-ìwé wa gba ìsinmi, wọ́n rán mi sí Ẹ̀pẹ́. Wọ́n fún mi ní owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà fún ẹja, àti ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ fún oúnjẹ ọ̀sán.

"Jẹun dáadáa o," ni wọ́n wí.

Mo dáhùn pé ó dáa, ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé ẹja ni owó oúnjẹ náà yóò dà, kí ti ìyá àgbà lè tóbi.

Ọjọ́ Ajé ni, èyí tí ìyá àgbà ń pè ní Àtìnní. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ni mo ti jẹ ẹ̀kọ mẹ́ta pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín tó ṣẹ́kù lálẹ́ àná, nítorí ẹni tó bá yó nílé, ojú tí yóò fi wo búkà yóò yàtọ̀. Mo rọ omi sínú ike kan, mo fi í sínú àpò. Lẹ́yìn tí mo kírun, mo wọ bọ́ọ̀sì.

Ilẹ̀ mọ́ bá wa ní Ìmọ̀tà. Ọ̀nà náà dán ní ibì kan, ó sì fọ́ ní ibòmíràn, débi pé gbogbo wa ń tẹríba pa pọ̀ bí ẹni ń kí ọba. Ní Itóìkín, awakọ̀ dúró kí àwọn èrò lè jẹun. Mo béèrè iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì: ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ ni, kò sì sí ẹran níbẹ̀. Mo padà sínú ọkọ̀, mo mu omi mi lẹ́nu mẹ́ta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé omi yìí.

"Ìwọ ò jẹun ni?" awakọ̀ bi mí.

"Mo ti jẹun nílé, sà."

"Tí gbogbo ayé bá rí bíi tìẹ, oníbúkà wo ló máa kọ́lé?"

Nígbà tí mo dé ọjà ẹja ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀bọ̀kún tó wù mí, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni wọ́n pè é. Mo ná an títí ó fi di ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ààbọ̀. Bí mo bá jẹun ní Itóìkín ni, ẹja náà ìbá ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹlẹ́ja ní kò ní í dé Ìkòròdú láìbàjẹ́ àfi tí àwọn bá yan án díẹ̀, yóò gbà tó wákàtí méjì, owó rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Mo san án. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ló ṣẹ́ kù nínú owó oúnjẹ mi.

Kò pẹ́ tí òjò fi dé. Mo sá sábẹ́ òrùlé búkà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ti Alhaja kan tó wọ ìborùn funfun. Ní Itamaga, owó ọbẹ̀ lọ́tọ̀, owó ẹran lọ́tọ̀. Níbí, ìkòkọrẹ́ ni wọ́n ń jẹ jù, ewùrà tí a rin, tí a sì sè pọ̀ mọ́ ata àti epo. Láti inú ìkòkò ni ẹja ti wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹni tó rà á kò tún ní í ra ẹja mọ́. Ẹgbẹ̀rin náírà ni àwo kan.

Àwọn obìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ra àwo kan ṣoṣo, ẹ̀bà ẹnì kọ̀ọ̀kan sì wà lọ́tọ̀.

"Alhaja, ẹ fi èènì sí i, àwa méjì la fẹ́ jẹ ẹ́."

"Ẹnu méjì, owó ẹnì kan. Ṣé ẹ̀yin náà lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò?" Ó wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi èènì sí i.

Mo ń fi ọgbọ́n yìí pamọ́ sínú orí mi nígbà tí ó yíjú sí mi. "Ọmọ mi, kí ni kí n bù?"

Ẹ mọ̀ pé a kì í jókòó ní búkà lásán. Ojú tì mí láti dárúkọ iye tó wà lọ́wọ́ mi. Mo rántí ọjọ́ tí a wà: Àtìnní, ọ̀kan nínú ọjọ́ méjì tí àwọn Mùsùlùmí máa ń gba ààwẹ̀ ọ̀fẹ́ lọ́sẹ̀.

"Mò ń gbààwẹ̀, mà."

Ojú Alhaja tàn. Ó gbé àpótí mi kúrò nítòsí ìkòkò kí òórùn ọbẹ̀ má baà dà mí láàmú, ó sì kọjú sí ọkùnrin kan tó ń jẹun níwájú mi. "Ẹ kẹ̀yìn síbẹ̀ yẹn, aláàwẹ̀ wà níbí."

"Alhaja, ṣé kí n fi aṣọ bo ẹ̀bà mi ni?"

Òùngbẹ ń gbẹ mí. Omi mi wà nínú àpò lórí itan mi, n kò sì lè fọwọ́ kàn án. Mo rò ó pé ẹ̀kọ ìdájí lè jẹ́ sààrì mi, kí n dá àníyàn ààwẹ̀ nígbà náà, kí irọ́ náà di òótọ́. Ṣùgbọ́n omi Itóìkín ti ba ìyẹn jẹ́.

Nígbà tí òjò dá, ọkùnrin kan wọlé, ó ní, "Alhaja, ààbọ̀ àwo." Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Béèrè ni n kò béèrè.

Mo dìde láti lọ gba ẹja mi. Alhaja na ike ìkòkọrẹ́ kan sí mi, dàbínù mẹ́ta, èso tí aláàwẹ̀ fi ń ṣínu, wà lórí rẹ̀.

"Fi ṣínu."

"Ẹ ṣeun, mà, ẹ má ṣèyọnu."

"Ẹni tó bá fún aláàwẹ̀ ní ìṣínu, láádá tirẹ̀ náà á pé. Ṣé o fẹ́ fi láádá mi dù mí ni?"

Mo gbà á. Láti Ẹ̀pẹ́ dé Itamaga, ebi ń pa mí, ike náà sì ń móoru lórí itan mi, ṣùgbọ́n n kò ṣí i.

Nílé, ìyá àgbà gbóòórùn ìkòkọrẹ́ náà kí wọ́n tó rí ẹja. Wọ́n gba ike náà, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán. Wọ́n fi ìka nu ìdí rẹ̀. Ọ̀bọ̀kún tí mo tìtorí ẹ̀ fi ebi pa ara mi, ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó béèrè rẹ̀. Mo sọ òtítọ́ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ lo purọ́, òun ló sè é, èmi ni mo jẹ ẹ́. Lọ bi àfáà."

Ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé ẹni tó bá lè la ẹnu béèrè ní búkà ni owó ń kù sí lọ́wọ́, kì í ṣe ẹni tó ń sá fún àwo. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà náà ṣì wà nínú ìwé mi. Lọ́jọ́ tí n ó bá dá ike Alhaja padà, n ó sọ òtítọ́ fún un, n ó sì ra ààbọ̀ àwo. Mo ti gba ààwẹ̀ ní Àlàmísì tó tẹ̀ lé e, mo sì ní kí Ọlọ́run kọ ọ́ sí orúkọ rẹ̀.

Àfáà ní àwọn yóò wo ìwé. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, wọn kò tíì dá mi lóhùn: láádá tí obìnrin yẹn torí rẹ̀ bu oúnjẹ, ṣé ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, àbí èmi ni mo gbà á dànù?