Bọ́ Bàtà Rẹ Kí O Tó Gun Àpáta

Kí n tó sọ bí sípíríǹgì ọkọ̀ mi ṣe ṣẹ́ lórí òkè, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ọmọ Ìbà ni mí. Orí iyanrìn ni wọ́n bí mi sí, orí iyanrìn náà ni mo ti kọ́ ọkọ̀ wíwà. Títí di ọjọ́ tí mò ń wí yìí, òkúta tó tóbi jù tí mo tíì fi táyà gùn kò ju èyí tí àwọn bíríkìlà ń dà sílẹ̀ de kọnkéré lọ. Síbẹ̀, nígbà tí Folúṣọ́ télọ̀ bi mí ní Ìyànà Ìbà bóyá ọkọ̀ mi lè gun àpáta, mo gbọ́n ọwọ́ agbádá tí n kò wọ̀, mo ní, "Àpáta wo? Ẹ ṣáà sọ orúkọ rẹ̀."

Ìparí àwọn ọdún 1980 ni. Jíìpù àlòkù àwọn sójà ni mò ń wà, èyí tí mo rà ní gbàǹjo ní Ọ̀jọ́. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́ ni: bí tẹ̀yìn bá rì, tiwájú á fà á yọ. Abíkẹ́ ni mo sọ ọ́, torí kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í béèrè ìkẹ́. Bí òjò bá ti rọ̀, tí àwọn ọ̀nà ẹ̀yìn Ìbà àti Ọ̀tọ̀-Àwórì di ẹrẹ̀, tí àwọn ọkọ̀ yòókù sì jókòó sínú rẹ̀, èmi àti Abíkẹ́ ni wọ́n ń wá kiri. A gbé búlọ́ọ̀kù, a gbé pákó, a gbé aboyún, a sì gbé ọkọ ìyàwó kan tí aṣọ funfun rẹ̀ ti di pupa kí a tó dé ibi ìgbéyàwó.

Ọ̀gá Sájà ló kọ́ mi níṣẹ́. Mẹkáníìkì tó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ kan ní Òkokomáíkò. Òfin méjì ló fún mi. Èkíní, yọ afẹ́fẹ́ díẹ̀ nínú táyà kí ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ lórí iyanrìn. Èkejì, bí o bá ti wọ iyanrìn, má dúró.

"Làmídì," á wí, "iyanrìn kì í mú ẹni tó ń lọ. Ẹni tó bá dúró rò ó ló ń mú. Fún un níná! Mọ́ọ̀fù!"

Mo gba òfin náà bí ẹni gba kéú. N kò rántí bi í léèrè bóyá òfin iyanrìn náà ni òfin òkúta.

Ìyá Folúṣọ́ ló fẹ́ gun òkè. Ìyá ìjọ ni Màmá nínú ìjọ aláṣọ funfun kan ní Òkokomáíkò, wọ́n sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, tí wọn kò rọ́mọ bí, wọ́n gun òkè àdúrà kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n sì ṣèlérí fún Ọlọ́run pé bí àwọn bá fi lè bí ọmọ, àwọn á mú un wá síbẹ̀ wá fi hàn Án. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bí Folúṣọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ara rẹ̀ kò yá. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tó wá di télọ̀, ó ní aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ibi gíga ń bà á lẹ́rù. Orí àga kì í ṣe ibi tí Folúṣọ́ lè dúró sí fi so kọ́tìnnì. Nítorí náà, lọ́dọọdún fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, Màmá ń dá gun òkè náà lọ sọ fún Ọlọ́run pé ọmọ náà ń bọ̀.

Wàyí o, eékún Màmá méjèèjì ti kọṣẹ́. Ọdún méjì ni wọn kò ti lè gòkè. Àwọn ọmọ ìjọ ní àwọn á pọ̀n wọ́n, Màmá kọ̀, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ẹrù. Lẹ́yìn náà àìsàn gbé wọn dè fún oṣù kan, ohun tí wọ́n sì ń sun ẹkún rẹ̀ lórí ibùsùn ni pé àwọn á lọ bá Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí òpùrọ́. Ìgbà yẹn ni Folúṣọ́, tó ti lé ní ogójì ọdún, tó sì ti yọ ikùn, wá mi wá sí Ìyànà Ìbà.

Ìdájí la kúrò ní Òkokomáíkò. Màmá jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Folúṣọ́ àti ọmọ ìjọ mẹ́fà wà lẹ́yìn, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun. Nígbà tí a ó fi dé ìsàlẹ̀ òkè náà, oòrùn ti ń mú. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n là fún ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé àdúrà sórí òkè, ṣùgbọ́n òjò ọ̀pọ̀ ọdún ti fọ yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ, ó ku àpáta àti òkúta gbàgìdì-gbagidi. Mo wò ó lókè, mo wò ó nísàlẹ̀. Ẹnu mi ti kó bá mi, àmọ́ mo rẹ́rìn-ín bí ọ̀gá.

Àwọn aláṣọ funfun kì í wọ bàtà gun òkè àdúrà. Gbogbo wọn ti bọ́ tiwọn jọ sábẹ́ igi kan. Màmá wo bàtà sójà onídìí nínípọn tí Ọ̀gá Sájà ta mí lọ́rẹ.

"Làmídì, ìwọ ńkọ́?"

"Màmá, mùsùlùmí ni mí o."

"Ṣé bàtà lẹ máa ń wọ̀ wọ mọ́ṣáláṣí ni?"

Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Mo ní bàtà iṣẹ́ ni, pé awakọ̀ gidi kì í fẹsẹ̀ lásán tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Mo wọ bàtà mi jókòó sídìí ọkọ̀.

Ìdajì ọ̀nà àkọ́kọ́ dára. Abíkẹ́ ń ra wọ́n-ọ́n wọ́n-ọ́n lọ, mo tilẹ̀ ń súfèé. Nígbà tó yá, a dé ibi kan tí àpáta ti tò léra wọn bí àtẹ̀gùn, ó sì ga. Màmá na ọwọ́ síwájú.

"Dúró níbẹ̀ yẹn. Òkúta kan wà níbẹ̀ tó máa ń mì. Sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó ná."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, nó wàhálà. Bí a bá dúró, ó máa mú wa ni."

Mo fún un níná. Abíkẹ́ fò sókè, táyà iwájú gun òkúta àkọ́kọ́, ti ẹ̀yìn lápá òsì gun òkúta tí Màmá wí gan-an. Òkúta náà yí gbiri kúrò lábẹ́ wa, ẹ̀yìn ọkọ̀ já lu àpáta, mo sì gbọ́ GBÀ! ohùn kan tí kò sí awakọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n.

Sípíríǹgì ọkọ̀ báyìí kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Ewé irin mélòó kan ni wọ́n tò léra wọn, èyí tó gùn jù lókè la ń pè ní ewé ìyá, òun ló di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú mọ́ ara rẹ̀. Ewé ìyá yìí ló ṣẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá òsì ti sún kúrò ní ààyè rẹ̀, táyà ti ń jẹ ara ọkọ̀. Folúṣọ́ ti fò sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró, ó dojú bolẹ̀, ó di koríko mú lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni pé òkè náà fẹ́ fò lọ.

Màmá kò pariwo, wọn kò sì bú mi. Wọ́n kàn gbójú sókè wo orí òkè, níbi tí a ti ń rí òrùlé ilé àdúrà, wọ́n ní, "Ó dáa náà. Ẹ jẹ́ ká máa padà."

Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ẹnikẹ́ni. Obìnrin yìí ti ń dúró fún ọjọ́ yìí láti ìgbà tí n kò tíì dáyé, èmi onífáàrí sì fi ìkánjú bà á jẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Mo ní, "Màmá, ẹ dákun, ẹ fún mi ní wákàtí kan."

Mo fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, mo fi ọ̀pá irin ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ padà sí ààyè rẹ̀. Mo gé igi tútù kan tó nípọn bí apá, mo tò ó ti ibi tí ewé náà ti ṣẹ́ bí ìgbà tí àwọn olùtọ́jú egungun bá ń di ẹsẹ̀ tó dá. Mo ya túúbù àlòkù, mo fi wé e pinpin. Túúbù tán kó tó tó. Mo wò yíká, ojú mi bá balẹ̀ sára ìgbànú tí àwọn ọmọ ìjọ fi di aṣọ funfun wọn.

Folúṣọ́ rí ibi tí mò ń wò. Ó dìde kúrò ní ìdí koríko. "Rárá o! Wọ́n ti gbàdúrà sí ìgbànú yìí. A ò lè fi so mọ́tò!"

"Folúṣọ́," Màmá wí, "kí la gbàdúrà sí i fún? Bọ́ ọ wá."

Màmá kọ́kọ́ bọ́ tiwọn. Ìgbànú mẹ́jọ ni mo fi di sípíríǹgì náà, mo sì fi ṣéènì so ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ra lókè rẹ̀. Nígbà tí mo yọ jáàkì, Abíkẹ́ mí kanlẹ̀, ó sì dúró.

Mo jókòó sórí àpáta, mo tú okùn bàtà mi, mo bọ́ ọ. Mo gbọ́ tí ẹnì kan rọra rẹ́rìn-ín. Àpáta náà gbóná bí abọ́ ẹ̀kọ. Màmá jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n ń fi ìka júwe láti ojú fèrèsé.

"Dúdú tó wà lọ́tùn-ún yẹn, ó fìdí múlẹ̀. Èyí tó ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn, èké ni."

Mo gun dúdú, ó dúró digbí. Mo gun èyí tó ń dán, mo gbọ́ tí ó mì jìn-ìn lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ìmìtìtì kékeré tí bàtà sójà kò ní jẹ́ kí n gbọ́ láéláé. Ojú kò lè rí i, ẹsẹ̀ ló lè gbọ́ ọ. Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá ti fi ẹsẹ̀ lásán gbọ́ gbogbo òkúta ibẹ̀, kò sí ọ̀kan tí wọn kò mọ ìwà rẹ̀. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, èmi kò lè rí i bí mo tilẹ̀ gun orí bónẹ́ẹ̀tì.

Àwọn ọmọ ìjọ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ dí àwọn kòtò tó wà láàárín, wọ́n ń kọrin bí wọ́n ti ń tò ó. Èmi náà lo ọgbọ́n tèmi: n kò gba òkúta sáàárín ẹsẹ̀ mọ́, kó má baà gún ikùn ọkọ̀, mo gbé táyà lé orí rẹ̀. Mo fi í sí jíà tó kéré jù, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa fà wá bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn. Bí a bá rìn díẹ̀, mo dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, mo tẹ òkúta tó kàn wò. Ibi tí a lè ju òkò dé, ó gbà wá tó wákàtí kan.

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́," Màmá wí.

"Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko," mo dáhùn, "mo ti rí i, Màmá."

Nígbà tí a dé orí òkè, Màmá fi ọwọ́ lé èjìká Folúṣọ́, wọ́n sì fẹsẹ̀ ara wọn rin ìwọ̀nba tó kù. Ojú Folúṣọ́ wà ní dídì. Mo rò pé àdúrà á gùn. Kò gùn rárá.

"Ọlọ́run, èmi rèé o. Ọmọ tí mo sọ pé ó ń bọ̀, òun náà rèé. Má bínú pé ó pẹ́, aṣọ ló ń rán." Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. "Lajú ẹ, kí Ó lè rí ẹ dáadáa."

Folúṣọ́ lajú. Ó rí bí ayé ṣe jìnnà sí ìsàlẹ̀, ó sì rí ojú ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọ kékeré. Èmi náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní oòrùn ló ń ta mí lójú. Mo ṣì gbọ́ tí Màmá ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ: "Bá mi dá Làmídì náà mọ̀. Olórí kunkun ni, ṣùgbọ́n ó bọ́ bàtà."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la padà sílé. Nígbà tí Ọ̀gá Sájà wọ abẹ́ ọkọ̀ ní ọjọ́ kejì tó bá ìgbànú mẹ́jọ níbẹ̀, ó pẹ́ kó tó jáde. "Làmídì, mọ́tò lo gbé wá ni àbí wòlíì?" Mo ròyìn fún un. Ó họ orí, ó ní òun gbàgbé láti sọ pé ti òkúta yàtọ̀.

Gbogbo àwọn ọdún 1990 ni èmi àti Abíkẹ́ fi gun àpáta kiri. Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ gbà wá, àwọn tó ń wá òkúta fún ilé kíkọ́ gbà wá, gbogbo wọn ló sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí mo bá bọ́ bàtà. Sípíríǹgì kò ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Màmá gbé ọdún díẹ̀ sí i, wọ́n sì sùn ní ìrọ̀rùn. Lọ́dún tó tẹ̀lé ìsìnkú wọn, Folúṣọ́ tún wá mi wá sí Ìyànà Ìbà. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ òkè, òun ló kọ́kọ́ bọ́ bàtà. Kò jókòó sínú ọkọ̀, ó ń rìn níwájú mi, ikùn níwájú, òógùn lára, ó ń fẹsẹ̀ tẹ òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń pè padà sí mi: "Dúdú yìí dáa. Èyí ń mì o!" Ohùn ìyá rẹ̀ gan-an ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Lórí òkè, ó dúró létí ibi tó ga jù, ojú rẹ̀ là kedere.

"Ọlọ́run," ó wí, "èmi rèé o. Màmá ò lè bá mi wá lọ́dún yìí, ọ̀dọ̀ Rẹ ni wọ́n wà." Ó bojú wẹ̀yìn, ó wo ẹsẹ̀ mi lórí àpáta gbígbóná náà. "Làmídì náà rèé. Ó ti bọ́ bàtà."